Lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí: Adam Pinkhurst àti Dídá Ọwọ́ Adàwékọ Chaucer Mọ̀

Ní ọdún 2004, níbi àpérò New Chaucer Society tí ó wáyé ní Glasgow, Linne Mooney kéde pé òun ti mọ orúkọ adàwékọ tí ó kọ méjì nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí ó lókìkí jù lọ tí Canterbury Tales ti wà títí di òní. Adam Pinkhurst ni orúkọ náà. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni kúlẹ̀kúlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà jáde nínú jọ́nà Speculum, lábẹ́ àkọlé "Chaucer's Scribe". Ìròyìn náà dùn létí, ó sì tàn kọjá àárín àwọn onímọ̀. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀pọ̀ ìwé fi ń pe Pinkhurst ní akọ̀wé Chaucer láìfi "bóyá" kankan kún un. Àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nígbà náà. Wọ́n ti pọ̀ sí i báyìí. Ìdí tí àríyànjiyàn náà fi yẹ ní àyẹ̀wò ni pé orí ìrísí lẹ́tà ni òpó rẹ̀ dúró lé: bí a ti fa ìrù g, bí a ti ṣe orí a, irú ọ̀ṣọ́ tí a fi sí ìlà àkọ́kọ́. Ohun tí ó wà nílẹ̀ láti bi léèrè ni irú ẹ̀rí tí lẹ́tà lè jẹ́, àti ibi tí agbára ẹ̀rí náà mọ.

Ẹni tí ó bí iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni Yorùbá ń pè ní òǹkọ̀wé. Ẹni tí ó jókòó nídìí tábìlì, tí ó ń kọ ohun tí a ní kí ó kọ, tí ó sì ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀, akọ̀wé ni. Adàwékọ tí ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín sún mọ́ akọ̀wé ju òǹkọ̀wé lọ, ṣùgbọ́n kò sí bí òǹkọ̀wé ìgbà náà ṣe lè dé ọ̀dọ̀ wa láìgba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ọdún 1476 ni William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Westminster; Chaucer ti kú láti 1400. Kò sí ojú-ewé kan nínú Canterbury Tales tí gbogbo onímọ̀ gbà pé Chaucer fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ohun tí ó kù ni àdàkọ tí ó lé ní ọgọ́rin, òmíràn odidi, òmíràn àjákù, àwọn tí ó sì kọ wọ́n kì í sábà fi orúkọ sílẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù ní òpin ọ̀rúndún kẹrìnlá, irú ìkọ̀wé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní anglicana ni ó gbòde. A fi ń dá a mọ̀ pé a rẹ̀ ní yàrá méjì, ọ̀kan lórí ọ̀kan. G rẹ̀ dà bí 8. R rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìlà. W rẹ̀ tóbi débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àyè lẹ́tà méjì. Irú mìíràn tí ń jẹ́ secretary ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà: a rẹ̀ ní yàrá kan ṣoṣo, r rẹ̀ kúrú, g rẹ̀ ní ìwo. Adàwékọ kan lè mọ méjèèjì kọ, kí ó sì pa wọ́n pọ̀ lórí ewé kan náà. Lọ́dọ̀ ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ irú ìrísí báwọ̀nyí. Nítorí náà, wọ́n dà bí ilà ojú. Ẹni tí ó bá rí àbàjà lójú ènìyàn lè sọ nǹkan nípa ìdílé àti agbègbè tí ó ti wá, ṣùgbọ́n kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Kí ó tó lè sọ pé "Lágbájá nìyí", yóò wo ìrìn rẹ̀, yóò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, yóò ṣàkíyèsí àwọn ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Iṣẹ́ onímọ̀ ìwé àfọwọ́kọ ni kí ó ya ilà sọ́tọ̀ kúrò lára ìrìn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilà ni ó rọrùn láti yàwòrán. Ìrìn kò ṣeé gé lẹ́lẹ́ sínú àtẹ.

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ Pinkhurst ni àpilẹ̀kọ tí A. I. Doyle àti Malcolm Parkes gbé jáde ní 1978. Wọ́n yẹ àdàkọ Confessio Amantis ti John Gower kan wò, èyí tí ó wà ní Trinity College, Cambridge, tí àmì rẹ̀ jẹ́ R.3.2. Ọwọ́ márùn-ún ni wọ́n rí nínú ìwé kan ṣoṣo náà, wọ́n sì fún wọn ní lẹ́tà láti A dé E. Wọ́n fi hàn pé kò dà bí ẹni pé àwọn márààrún jókòó nínú yàrá iṣẹ́ kan lábẹ́ ojú ọ̀gá kan. A pín ìwé tí wọ́n ń dà kọ fún wọn ní ìdì-ìdì, kálukú gbé tirẹ̀ lọ, ọ̀kan kò sì mọ ibi tí èkejì bá iṣẹ́ dé. Ọwọ́ B yìí ni wọ́n tún tọ́ka sí nínú ìwé Hengwrt, tí ó wà ní National Library of Wales ní Aberystwyth, àti nínú ìwé Ellesmere, tí ó wà ní Huntington Library ní California. Ọwọ́ E ni ti akéwì Thomas Hoccleve.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ náà tí kò yẹ kí a fojú kéré: Doyle àti Parkes fi ọwọ́ B sílẹ̀ ní B. Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ọwọ́ tí ó wà níhìn-ín ni ó wà lọ́hùn-ún, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Gbólóhùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni "ọwọ́ kan ni ó kọ ìwé méjì yìí" àti "ọwọ́ Lágbájá ni", ẹ̀rí tí ó tó fún èkíní kò sì fi bẹ́ẹ̀ tó fún èkejì. Púpọ̀ nínú ìdàrúdàpọ̀ tí ó tẹ̀lé ìkéde 2004 wá láti ibi tí a ti so àwọn méjèèjì pọ̀, tí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì sí orúkọ fi dà bí ẹni tí ń ṣiyèméjì sí ọwọ́ náà pàápàá.

Ọwọ́ náà pàápàá sì ti rí àdánwò tirẹ̀. Ní 1982, R. Vance Ramsey jiyàn pé adàwékọ méjì ni ó kọ Hengwrt àti Ellesmere, nítorí pé àwọn ìwé méjèèjì kò bára dọ́gba nínú àwọn àṣà kéékèèké bí i sípẹ́lì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, M. L. Samuels fèsì pé ọjọ́ ló wà láàrin wọn, kì í ṣe ènìyàn: ẹni kan náà lè yí sípẹ́lì rẹ̀ padà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹni tí ó bá ti tú àpótí tí ó bá lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Ti Samuels ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n Ramsey ṣe wá lóore kan, nítorí ó mú kí ó hàn kedere pé ìrísí lẹ́tà àti sípẹ́lì jẹ́ ẹlẹ́rìí méjì tí ọ̀rọ̀ wọn lè yàtọ̀. Angus McIntosh ti tẹnu mọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú: adàwékọ kọ̀ọ̀kan ní àwòrán méjì, ti èdè rẹ̀ àti ti ìrísí lẹ́tà rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ wo méjèèjì.

Kí wá ni ó gbé Mooney láti B dé Pinkhurst? Ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Common Paper. Láti 1392 ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń fi ọwọ́ ara wọn kọ ìbúra wọn sínú rẹ̀. Ìbúra Adam Pinkhurst wà níbẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 1395. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni onímọ̀ máa ń ní irú oríire yìí, kí ó rí ọwọ́ tí ó sọ fúnra rẹ̀ pé ti ta ni òun. Mooney fi ìbúra náà wé Hengwrt àti Ellesmere, ó sì tọ́ka sí ọ̀pọ̀ ìjọra nínú ìrísí lẹ́tà àti nínú ọ̀ṣọ́, títí kan àmì kékeré tí ó ní ìlà méjì tí ó dagun pẹ̀lú àmì tótó.

Ìbúra yìí kò gùn, èdè Látìn ni a sì fi kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ewì Gẹ̀ẹ́sì ni ó kún inú Hengwrt àti Ellesmere. Lára àwọn lẹ́tà tí ó máa ń tú àṣírí ọwọ́ adàwékọ Gẹ̀ẹ́sì ni w àti þ. Látìn kò nílò wọn, àfi bí orúkọ ènìyàn tàbí ti ìlú bá mú w wá. Lẹ́tà k náà kò fi bẹ́ẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ohun tí ó kù láti fi ṣe àfiwé ni àwọn lẹ́tà tí gbogbo akọ̀wé ìlú náà jọ ń lò, pẹ̀lú ọ̀ṣọ́. Lọ́nà mìíràn, ìbúra jẹ́ ohun ayẹyẹ. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun yóò wò ó, ó sì wọ aṣọ ìjáde fún lẹ́tà rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ sì ni ohun tí ènìyàn máa ń tètè fara wé jù lọ. Bí obìnrin méjì bá wé gèlè lọ́nà kan náà, a kì í torí bẹ́ẹ̀ sọ pé obìnrin kan náà ni wọ́n. Ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ni wọ́n ti kọ́ ọ, tàbí pé bí wọ́n ṣe ń wé e lọ́dún náà nìyẹn.

Ibi tí Jane Roberts tẹ̀ mọ́ nìyí nínú àpilẹ̀kọ tí ó kọ sí Medium Ævum ní 2011: ṣé ẹni kan ṣoṣo ni àwọn àbùdá tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí ń tọ́ka sí, tàbí ìran akọ̀wé kan lódindi ní Lọ́ńdọ̀nù? A gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀tọ́ Mooney pé kì í ṣe orí àbùdá kan ni ó kọ́lé lé. Igi kan kì í dá igbó ṣe, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àkójọ ni ó gbára lé. Ṣùgbọ́n bí a bá kó àbùdá mẹ́wàá tí ó wọ́pọ̀ jọ, àkójọ náà kò lè di ohun tí ó ṣọ̀wọ́n àfi bí a bá lè fi hàn pé àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kì í rìn pọ̀ lára àwọn akọ̀wé tí ọ̀gá kan náà kọ́. Wíwo ìbúra Pinkhurst mọ́ Ellesmere nìkan kò lè fi èyí hàn. Ọwọ́ àwọn akọ̀wé yòókù ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò dáadáa, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò fura sí.

Orúkọ Pinkhurst kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ yìí ní 2004. Ewì kúkúrú kan wà tí a kà sí ti Chaucer, nínú èyí tí ó bá adàwékọ kan tí ń jẹ́ Adam wí pé àṣìṣe rẹ̀ pọ̀, tí ó sì fi èépá orí gégùn-ún fún un bí kò bá da Boece àti Troilus kọ bí ó ti yẹ. John Shirley, tí ó kú ní 1456, ni ó da ewì náà kọ sínú ìwé rẹ̀, òun ni ó sì fún un ní àkọlé tí ó pe Adam ní akọ̀wé Chaucer fúnra rẹ̀. Láti 1929 ni Bernard Wagner ti dá a lábàá pé ó ṣeé ṣe kí Adam yìí jẹ́ Adam Pinkhurst tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé. Kò sí àfiwé lẹ́tà kankan pẹ̀lú ọwọ́ B nígbà náà. Orúkọ ti wà nílẹ̀, ó ń retí ọwọ́ tí yóò wọ̀ ọ́.

Àwọn àdàkọ mìíràn tí a kà mọ́ ọwọ́ B ni àjákù Troilus kan tí ó wà ní Hatfield House àti Boece kan tí ó wà ní Aberystwyth. Troilus àti Boece: iṣẹ́ méjèèjì tí ewì náà dárúkọ gan-an. Ẹni tí ó bá gba ti Pinkhurst gbọ́ yóò sọ pé èyí ni èdìdì orí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá rọra wò ó yóò béèrè bóyá ojú tí ó wo àjákù Hatfield kò ti gbọ́ ewì Adam kí ó tó débẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí kejì bá ti mọ ohun tí èkíní sọ kí ó tó wọ ilé ẹjọ́, adájọ́ kì í ka ọ̀rọ̀ wọn sí ẹ̀rí méjì. A tún ka ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn Mercers kọ ní 1387 sí 1388 mọ́ Pinkhurst, èyí sì ni ó jẹ́ kí a lè sọ pé ó ti wà nínú ìṣèlú Lọ́ńdọ̀nù nígbà ayé Chaucer. Bí a bá yọ orúkọ náà kúrò, okùn tí ó so ìwé ẹ̀bẹ̀ mọ́ Canterbury Tales yóò tín-ín-rín gan-an.

Ọ̀rọ̀ Hoccleve ni ó fi hàn bí ìdámọ̀ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ṣe máa ń rí. Hoccleve ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì Privy Seal fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìwé ńlá kan tí ó kó jọ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ fún àwọn akọ̀wé ibẹ̀ wà ní British Library, Faransé àti Látìn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ewì rẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà kọ sì wà ní Huntington àti ní Durham. Ní 1937, H. C. Schulz lè fi ìwé iṣẹ́ ọba yìí wé àwọn ewì, kí ó sì fi hàn pé ọwọ́ kan ni. Èdè yàtọ̀, iṣẹ́ yàtọ̀, àwọn ewé tí a ń fi wéra sì pọ̀ débi pé ènìyàn lè rí ọwọ́ náà nígbà tí ó ń kánjú àti nígbà tí ó farabalẹ̀. Nítorí èyí ni ó fi ṣeé ṣe fún Doyle àti Parkes láti pe ojú-ewé díẹ̀ nínú Trinity R.3.2 ní ti Hoccleve láìsí ariwo. Síbẹ̀, nígbà tí Mooney dámọ̀ràn ní 2011 pé Hoccleve fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àdàkọ Regiment of Princes kan tí ó wà nínú àkójọ Royal ní British Library, Lawrence Warner takò ó ní 2015. Bí awuyewuye bá lè wà lórí ọwọ́ tí a ní tó báyìí nínú rẹ̀, ó yẹ kí ìlà díẹ̀ ti Látìn mú wa ṣọ́ra.

Ìwé Scribes and the City, tí Mooney àti Estelle Stubbs gbé jáde ní 2013, mú ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ sí i. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ Guildhall, ilé ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ni ó wà lẹ́yìn ìtànkálẹ̀ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà: ọwọ́ D di John Marchaunt, Richard Frampton àti John Carpenter náà sì bọ́ sójú agbo. Warner gbéjà kò wọ́n nínú Chaucer's Scribes ní 2018. Kò gbà pé Pinkhurst ni B, kò sì gbà pé Marchaunt ni D. Ìwé Warner mú ṣámúṣámú níbi tí ó ti ń tú ilé náà palẹ̀. Ohun tí a lè fi dá a lẹ́bi ni pé inú rẹ̀ máa ń dùn sí wíwó ju bí ó ti yẹ lọ. Kódà bí orúkọ kankan kò bá dúró, ó ṣì jẹ́ òtítọ́ pé akọ̀wé tí ó ń kọ ìwé ìjọba lówùúrọ̀ lè máa da ewì kọ lálẹ́. Hoccleve jẹ́ ẹ̀rí.

Kí ni ó wá sọnù bí B bá wà láìlórúkọ? Ohun tí ó kan bí a ṣe ń ka Chaucer ni. Nínú Hengwrt, ìtàn Alásè dúró lójijì, adàwékọ sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé Chaucer kò kọ jù báyìí lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ Chaucer ni ó kọ èyí, ẹni tí ó bá a jókòó, ẹ̀rí ojúkòójú ni: òǹkọ̀wé pa ìtàn náà tì. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ alágbàṣe tí a gbé ìdì ewé fún, ohun tí ó túmọ̀ sí kò ju pé ibi tí ewé tí ó dé ọwọ́ rẹ̀ tán sí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ méjì, orí ẹni tí ó ni ọwọ́ ni ìyàtọ̀ sì dá lé.

Hengwrt fúnra rẹ̀ ní nǹkan láti sọ. Ìtò àwọn ìtàn inú rẹ̀ dàrú, ìtàn Canon's Yeoman kò sí nínú rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú Ellesmere tí ọwọ́ kan náà kọ. Ó hàn pé díẹ̀díẹ̀ ni ohun tí ó ń dà kọ ń dé ọwọ́ rẹ̀. Ṣé bí ó ti yẹ kí ó rí fún akọ̀wé tí ó ti ń bá òǹkọ̀wé ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́ nìyí? Àwọn tí ó gba ti Pinkhurst lè dáhùn pé Chaucer fúnra rẹ̀ ni ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní jákujàku, ìdáhùn náà kò sì burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ìsúnmọ́ òǹkọ̀wé fi kún ìmọ̀ adàwékọ náà? Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olóòtú tààrà. Riverside Chaucer ti 1987 tẹ̀ lé Ellesmere ní pàtàkì. Variorum Chaucer fi Hengwrt ṣe ìpìlẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì lè jẹ́ àtúnṣe tí Chaucer fọwọ́ sí, ó sì lè jẹ́ ti olóòtú kan lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà pé Pinkhurst wà nínú ilé Chaucer yóò fẹ́ gba ti èkíní kí ó tó ka ìlà kan.

Ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì Late Medieval English Scribes, tí Mooney, Simon Horobin àti Stubbs gbé kalẹ̀ ní Yunifásítì York, ti mú àfiwé rọrùn fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ ní gígé, a lábẹ́ a, g lábẹ́ g. Ohun èlò dáadáa ni, àwọn tí ó sì ń takò wọ́n pàápàá ń jàǹfààní rẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà tí a gé kúrò nínú ọ̀rọ̀ ti fi ohun púpọ̀ sílẹ̀: àyè tí ó wà láàrin rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀, ibi tí kálàmù ti gbéra kí ó tó tún balẹ̀, bí ìlà ṣe ń tẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ bí ọwọ́ bá ti rẹ̀. National Library of Wales ti gbé gbogbo ojú-ewé Hengwrt sórí íntánẹ́ẹ̀tì, Huntington náà sì ti gbé Ellesmere sí i. Ẹni tí ó bá ṣí àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ó ka odidi ojú-ewé kan sí èkejì láìwo àtẹ, yóò tètè rí ìdí tí Doyle àti Parkes fi sọ pé ọwọ́ kan ni. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó ṣí ìbúra Pinkhurst.